Ojú Pupa Ejiro Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Fágbénró, ọmọ àbúrò ìyá mi, ya fọ́tò kan tó gba ìyàwó lọ́wọ́ Ejiro.

Lọ́dún 1974, àdúgbò Boundary ni mo ti ń ya fọ́tò. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi. Fíìmù tí mo bà jẹ́ ló kọ́ mi. Kí Fágbénró tó gbé kámẹ́rà mi lọ síbi ìjà ẹ̀ṣẹ́ alẹ́ ní Àpápá, mo kìlọ̀ fún un.

"Má fi fíláàṣì sórí kámẹ́rà. Fọwọ́ òsì gbé e sókè, kó jìnnà sí ojú kámẹ́rà. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú èèyàn máa ń là gbàgàdà. Tí iná bá wọ ibẹ̀ tààrà, pupa inú rẹ̀ ni fíìmù aláwọ̀ máa gbé jáde. Má sì ní kí wọ́n wo ìwọ."

"Àǹtí, iṣẹ́ ọnà ni fọ́tò. Ọkàn la fi ń yà á."

"Ṣé ọkàn rẹ ló máa bá ẹ gbé fíláàṣì dání?"

Ó rẹ́rìn-ín. Òun kan náà ló fi ọ̀dà kọ ọ́ sí pátákó ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mi ò sí nílé pé: ÀWÒRÁN WA KÌ Í PARỌ́. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ejiro, tó ń rẹrù ní wọ́ọ̀fù, ló borí lálẹ́ ọjọ́ náà. Fágbénró ti de fíláàṣì mọ́ orí kámẹ́rà, kó lè ráyè máa fi ọwọ́ kejì juwọ́ bí ọ̀gá. "Ṣáńpíọ̀n, wojú mi!" Ejiro wò ó. Linus, katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣe rẹfirí ìjà náà, wò ó pẹ̀lú. Nígbà tí fọ́tò jáde, ojú àwọn méjèèjì pọ́n bí ẹyinná. Mo lọ ya ìsọmọlórúkọ kan ní Snake Island. Kí n tó dé, Fágbénró ti gbé fọ́tò náà kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Ràímì, tó ti fọwọ́ sí i pé kí Ejiro fẹ́ Rekiat ọmọ òun, ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ó dúró.

"Igbó lọmọ yìí ń fà!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iná fíláàṣì ni. Ẹ wo Linus, ojú tiẹ̀ náà pọ́n. Ṣé igbó ló ń fà kó tó gbàdúrà ni?"

"Èmi ò mọ ohun tí Linus ń fà. A ò sọ pé ká fún Linus lọ́mọ."

"Ẹ jẹ́ kí n tún Ejiro yà lójú yín, nírọ̀lẹ́ òní."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó nà án sí pátákó mi. "Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

Fágbénró ló kọ ọ́, àmọ́ èmi ni wọ́n ń bi. Ṣọ́ọ̀bù mi ni. Mo yíjú sí Fágbénró.

"Sọ̀rọ̀ ọkàn ẹ wàyí, òpùrọ́!"

Bàbá Ràímì ní kò sí fọ́tò míì, kò sí ìgbéyàwó mọ́, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, Ejiro wá. "Sista, sìgá gan-an, mi ò mu rí."

Mo mọ̀. Gbogbo Boundary mọ̀. Mo fa fọ́tò náà ya, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀rọ̀ burúkú yẹn kúrò lára pátákó títí ọwọ́ mi fi bó. Kò yí nǹkan kan padà. Kí ààwẹ̀ tó dé, wọ́n ti mú Rekiat lọ sí Ijora Badia, ìyàwó kẹta fún bàbá oníṣìmẹ́ǹtì kan tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ.