Àmì Tó Kù Lórí Okùn

Baba Ṣé-Ẹ-Pé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, òun gan-an ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ìsun omi kan tó mọ́ gaara, tó ń tú jáde láti inú ihò àpáta, táwọn èèyàn máa ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n wá láti rì wọ inú rẹ̀, kí wọ́n lọ wo ẹwà abẹ́ ilẹ̀. Bí ẹni méjì bá wọlé, á kọ ọ́ sára pátákó dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn: ẹni méjì wọlé. Bí wọ́n bá ti yọ orí báyìí, kí wọ́n tó mí kanlẹ̀, á ti béèrè: "Ṣé ẹ pé?" Àwọn míì á rẹ́rìn-ín. "Baba, àwa méjì náà rèé lójú yín." Á ní, "Ojú mi rí yín, ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́." Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn pé "A pé" ló tó máa kọ ọ́ pé ẹni méjì jáde. Ẹni tí kò bá dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kúrò nínú omi lọ́jọ́ náà.

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Omi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, èèyàn kì í dá wọ ihò. Ẹni tí ẹ bá jọ wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń pè ní èkejì: ó ń wo ẹ̀yìn rẹ, ò ń wo tirẹ̀, bí afẹ́fẹ́ rẹ bá tán, tirẹ̀ lẹ máa jọ mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyàwó Baba fi jẹ́ èkejì rẹ̀. Nínú omi, èkejì. Nínú ilé, èkejì. Ìgbín ló máa ń pè é, torí pé bó bá ń wọ aṣọ omi, kó tó fa síìpù dé ọrùn, ọkọ rẹ̀ á ti jókòó, á ti dìde, á tún ti jókòó. Obìnrin náà kò bínú rí. Ńṣe ló mú ọ̀dà pupa tó fi ń kun èékánná, ó ya ìgbín kékeré kan sára àmì rẹ̀.

Àmì yìí lọ̀rọ̀ wà. Ike pẹlẹbẹ róbótó ni, kò tóbi ju ẹnu ife lọ. Okùn kan wà tí wọ́n ta láti ẹnu ihò wọ inú lọ, òun ni wọ́n ń tọ̀ jáde bí ojú bá ṣókùnkùn. Bó o bá ń wọlé, wàá fi àmì tìrẹ há okùn náà; bó o bá ń bọ̀, wàá yọ ọ́. Àmì tó bá ṣì wà lórí okùn, ẹni tó ni ín ṣì wà nínú. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fọwọ́ kan àmì ẹlòmíì. Bó o bá jí bàtà èèyàn, olè lásán la máa pè ọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá yọ àmì èèyàn lórí okùn, o ti sọ fún ayé pé ó ti jáde, wọn ò sì ní wá a mọ́.

Ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìgbín nínú ihò. Ó na àtàǹpàkò sókè, ìyẹn ni pé ká máa lọ. Ẹni tó bá ti na án, wọn kì í bi í léèrè ìdí. Wọ́n yí padà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àmì wà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kọjá lára tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rí i. Ó yọ ti ara rẹ̀, ó fi ti ìyàwó sílẹ̀, ó ní Sátidé tó ń bọ̀ òun á mú un wá kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà ní Sátidé yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, obìnrin tí omi ò rí mú rí kú sórí bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ.

Àmì náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ Baba tó ń rọ afẹ́fẹ́ sí sìlíńdà sọ ọ́ títí: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ nǹkan yìí." Baba á ta kìjí: "A kì í fọwọ́ kan àmì ẹlòmíì!" "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yọ ọ́." "Èmi ò ní èkejì." Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé e pa. Òfin tó yẹ kó máa dáàbò bo èèyàn ló fi ṣe ilẹ̀kùn tó tì mọ́rí.

Kò wọ omi mọ́. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ọ́fíìsì: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, ife méjì. Bó bá fẹ́ mu tíì, á po ti ẹni méjì, á mu ọ̀kan, ìkejì á tutù síbẹ̀. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà nílẹ̀ òkèèrè, a máa pè lọ́jọ́ Sunday: "Dádì, ṣé ẹ ń jẹun?" Á ní òun ń jẹun. Kò sẹ́ni tó ń bi òun náà pé ṣé ẹ pé.

Ohun tó wá le jù ni pé gbogbo àlejò ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún. "Ẹ máa rí àmì kan tó ní ìgbín lára. Ti ìyàwó mi tó ti kú ni. Kò sẹ́nì kankan nínú, ẹ má kà á." Nígbà míì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ gbà mí, irú iṣẹ́ wo nìyẹn, kéèyàn máa fẹnu ara rẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́?

Ní ọjọ́ Tuesday kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wá síbi iṣẹ́, torí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ẹnu tíṣà yìí kì í gbófo.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àbúrò mi yìí o. Bó bá dénú omi, ńṣe ló ń tapá bí adìẹ tí wọ́n dù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ níwájú àgbà."

Baba rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó mú wọn jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín afẹ́fẹ́ yín sọ́nà mẹ́ta: ọ̀kan àlọ, ọ̀kan àbọ̀, èyí tó kù, ti wàhálà ni, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣe fàájì. Ẹ má fẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, bó bá ru, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Àwọn òkúta tó rọ̀ wálẹ̀ látòkè yẹn, wọ́n ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Ẹ má dì wọ́n mú, ẹ má sì kọ orúkọ sí wọn lára, kò sẹ́ni tó bi yín lórúkọ. Ẹni tó ń jáde ló lọ̀nà, ẹ yà fún un. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n kọ DÚRÓ sí, ẹ dúró. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ òòrùn mọ."

"Àmì ńkọ́ sà?" Mẹkáníìkì ló béèrè.

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀." Ó la ẹnu. Ojú tíṣà sì bọ́ sórí tábìlì.

"Háà! Ife méjì! Ẹ ò sọ fún wa pé Màámi wà nílé. A kàn já wọlé, a ò kí wọn. Màámi ńkọ́ sà?"

Láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè yìí. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé kò sí mọ́.

"Ó wà," ni Baba fèsì.

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ara rẹ̀ móoru.

"Ṣé àwọn náà máa ń wọ omi?"

"Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ!"

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Báwo ni yóò ṣe wá yíjú padà báyìí, kó ní obìnrin tó wà lẹ́ẹ̀kan ti kú? Ó fo ìkìlọ̀ nípa àmì ìgbín náà. "Ẹ mọ òfin àmì. Ẹ má fọwọ́ kan ti ẹlòmíì," ó ní, ó sì dìde.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n wọlé, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n jọ sọ. Ó kọ ọ́ sára pátákó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ìfófòó èémí wọn tó ń hó jáde lẹ́nu ihò. Nígbà tó di ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ìfófòó náà ń sún mọ́ ìta, ó ní ó dáa, wọ́n ti ń bọ̀. Lójijì, wọ́n padà. Nígbà tó yá, kò rí ìfófòó kankan mọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ti kọjá DÚRÓ.

Kí ló ń dá ẹni tó ti ń bọ̀ padà sínú òkùnkùn? Ọkàn rẹ̀ ló dá a lóhùn. Wọ́n ti rí ìgbín tí wọ́n fi ọ̀dà èékánná obìnrin yà sórí àmì. Wọ́n ti rò ó pọ̀ mọ́ ife méjì àti "ó wà". Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

"Yéè! Mo gbé!"

Ó já sípánà gbà lára ògiri, ó fi ń lu irin àtẹ̀gùn tó wọnú omi: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Àmì ìpadà nìyẹn, omi sì máa ń gbé ìró lọ jìnnà. Kò sẹ́ni tó jáde. Àádọ́ta ìṣẹ́jú kọjá. Ó mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé wọlé bí ẹni mọ owó. Ìdá tó jẹ́ ti wàhálà ni wọ́n ń jẹ yẹn. Ó sáré gbé sìlíńdà, ó wọ omi dé àyà pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́. Èèyàn kì í dá wọlé, ó mọ̀. Bóun bá wọlé tóun náà kò jáde, ta ni yóò mọ̀ pé ẹni mẹ́ta ló wà nínú? Ó dúró, ó ń lu irin. "Ìgbín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà fún mi," ló ń wí. Kò ṣe "ẹ" fún un rí nígbà tó wà láyé.

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì yọ ní ìsàlẹ̀. Ọ̀kan. Ó dà bí ọdún kan kí ìkejì tó tẹ̀ lé e.

Ẹnu páìpù kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń mí nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n ń mí, àbúrò ń mí. Aago tó ń ka afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà tíṣà ti dé òdo. Baba kò lè béèrè bóyá wọ́n pé. Tíṣà já páìpù lẹ́nu, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ dákun, ẹ pe àwọn èèyàn! Màámi wà nínú! A rí àmì wọn, a wá wọn, a wá wọn, afẹ́fẹ́ tán! A fi wọ́n sílẹ̀, Baba. A fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀!" Ó ń ké bí ọmọdé.

"Kò sẹ́nì kankan nínú."

"Àmì wọn ni mo rí!"

"Ó ti kú. Ó ti di ọdún mẹ́ta."

Tíṣà wò ó. "Ẹ ní wọ́n wà."

"Mo ní ó wà."

"Díẹ̀ ló kù kí n fi àbúrò mi kan ṣoṣo wá òkú!" Ó ti Baba láyà, Baba fìdí jókòó sínú omi. "Ọmọ ìyá mi ló ń fún mi ní èémí ẹnu rẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn! Irú ìyà wo lẹ fẹ́ fi jẹ wá?"

Àfọwọ́fà ni. Mẹkáníìkì ló fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò, wọ́n kẹ́rù wọn, wọ́n lọ láìdágbére.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba ń kẹ́rù ara rẹ̀ sínú páálí, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n á ti fẹjọ́ òun sùn. Ilẹ̀kùn ṣí, tíṣà ló wọlé, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Ó wo ife méjèèjì, ó wo páálí.

"Inú ń bí mi sí yín sà. Á ṣì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀."

"Ẹ̀tọ́ rẹ ni, ìyá mi."

"Àmì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò kó tó pa ẹlòmíì. Ẹ̀yin lẹ sì ní a kì í fọwọ́ kan ti ẹlòmíì. Ẹni tó ni ín ò sí. Èkejì rẹ̀ ló kù." Ó ju aṣọ omi Baba tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lé e lẹ́sẹ̀. "Ẹ wọṣọ. Ẹ ò ní dá wọ̀ ọ́."

Aṣọ náà ti há mọ́ ọn níkùn. Síìpù kọ̀, kò lọ. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Mẹkáníìkì ní, "Baba, ẹ pẹ́ o." Ó ní, "Ìgbín ni mí lónìí." Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ti dé síbi iṣẹ́, kọ ọ́ sára pátákó: ẹni mẹ́ta wọlé.

Ìdọ̀tí omi aláwọ̀ ewé ti bo àmì náà, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa kò ṣí. Tíṣà kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn tan tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ Baba. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ti Ìgbín ṣe gbọ̀n níbẹ̀ gan-an, àmì náà sì kọ̀, kò kúrò. Tíṣà di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Ó yọ. Baba gbá a mọ́ àyà, ó na àtàǹpàkò sókè. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí.

Wọ́n yọ orí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ pé?"

Baba di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sunkún.

"Ẹ dáhùn o. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, ẹsẹ̀ yín ò ní kúrò nínú omi."

Baba gbé àmì náà sókè kó rí i. "A pé," ó ní. "Kọ ọ́ pé ẹni mẹ́ta wọlé, ẹni mẹ́rin jáde."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo àmì, ó wo ojú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.