Àbúrò Télọ̀

"Fẹ́ ẹ! Mo ní kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, mi ò ní kí o tutọ́ sí i!"

Oníná ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ Télọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ọwọ́ Tíṣà ni káàsẹ́ẹ̀tì gémù náà wà. Ó gbé e sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ fun fèrè, ó fẹ́ ẹ, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún fẹ́ ẹ.

"Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì rèé," ni Oníná wí. "Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá rí ọ báyìí ńkọ́?"

"Wọ́n á mọ̀ pé èèyàn lèmi náà. Gbẹ́nu dákẹ́, kí o tan iná."

Télọ̀ ò dá sí wọn. Ó jókòó sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ jọ, páàdì tí wọ́n fi ń ta gémù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń wò. Àbúrò wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, fóònù ló gbájú mọ́. Lọ́jọ́ Ajé ni bàálù rẹ̀ máa gbéra padà sí òkè òkun. Ọdún gbọọrọ ni Télọ̀ fi retí rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tó ti dé, "mo ti yó", "ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni" àti "ẹ ṣé, àǹtí mi" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbàgbé láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú báàgì.

Èyí gan-an ló jẹ́ kí Télọ̀ ti ìsọ̀ rẹ̀, kó ránṣẹ́ pe àwọn méjì tí wọ́n jọ dàgbà ládùúgbò, kó sì gbé ẹ̀rọ gémù àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó ti fi àjákù aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ó rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò gba ẹnu jáde, bóyá ó lè gba ọwọ́.

Tẹlifíṣàn ṣẹ́jú, ó hó ṣààà, àwòrán yọ. Orin gémù náà gba pálọ̀ kan, wínníwínní bí agogo kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Gbogbo wọn hó yèè.

"Ẹ gbọ́ orin!" Oníná gbá orí mú. "Kò sí gémù ìsinsìnyí tó lórin báyìí. Wọ́n á kó onífèrè àti onígìtá jọ rẹpẹtẹ, tóo bá pa á tán, o ò ní rántí ẹyọ kan níbẹ̀."

"Irọ́ ni," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Etí ọmọdé lo fi gbọ́ ọ. Wo àwòrán yìí ná, ṣé èèyàn nìyí àbí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí wọ́n tò léra? Nínú ti ìsinsìnyí, o máa rí òógùn lójú agbábọ́ọ̀lù."

"Kí ni mo fẹ́ fi òógùn rẹ̀ ṣe? Ti àtijọ́, o ki káàsẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, eré ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìsinsìnyí, o ra gémù tán, yóò ní kí o dúró kí òun lọ fà á wálẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, ó ṣì ń fà á. Àfi bí ẹni tó ra ẹran tán, tí wọ́n ní kó dúró kí màlúù bímọ ná!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò bá yín jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà yẹn, bí mo bá nà yín, mo máa ń rójú yín."

"Ìyá Páàdì ti sọ̀rọ̀!" ni Oníná kígbe. Orúkọ tí àdúgbò fún un nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, torí kò sí ọkùnrin tó lè gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń dìde fún ẹlòmíràn, Télọ̀ kì í sì í dìde. Àbúrò rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa kígbe pé, "Òsì! Ọ̀tún! Fò!" títí ìyá wọn á fi wá yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Ó na páàdì kejì sí i. "Ó yá, wá."

"Ẹ jẹ́ káwọn bọ̀dá ta ná, àǹtí mi."

"Mo ní wá."

Àbúrò ki fóònù bọ àpò, ó sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Àbúrò fi já sí kòtò, Oníná bú u, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọwọ́ Télọ̀ ò gbàgbé ohunkóhun. Ojú rẹ̀ ni kò gbà. Òkè tó jẹ́ pé lójú àlá rẹ̀ ó ga ju ilé alájà lọ, ìlà kúkurú kan báyìí ni. Ẹranko tó máa ń bà wọ́n lẹ́rù kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n dé òpin ìpele kan, wọ́n dé òpin òmíràn, ariwo ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, bọ́tìnnì páàdì nìkan ló ń dún.

Fóònù Oníná ló gbà wọ́n. Iná ilé oníbàárà kan ti kú, wọ́n ń wá a. Tíṣà ní òun á bá a dé ìta. Ó fọwọ́ gbá Àbúrò léjìká, wọ́n sì jáde, àríyànjiyàn wọn ń dún lọ lójú ọ̀nà.

Télọ̀ gbé páàdì sílẹ̀. "Ìwọ ò tíì sọ tìẹ. Èwo ló dáa jù, àtijọ́ àbí tuntun?"

Àbúrò ń wo tẹlifíṣàn. "Tí èèyàn bá ń gbé nínú ilé tẹ́nikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn ẹ̀, àǹtí mi, tuntun ló dáa."

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Páálí ni mò ń gbé látàárọ̀, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tí mo bá délé, màá tan gémù, màá ki íàpíìsì bọ etí. Ẹnì kan wà níbẹ̀, tá a jọ ń ta á látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń jẹ́ Òwìwí. Orúkọ eré nìyẹn. Ohùn àgbàlagbà ni. Á ní kí n lọ jẹun ná, ká tó bẹ̀rẹ̀." Ó gbé páàdì tirẹ̀ náà sílẹ̀. "Nígbà tí màmá kú, tí mi ò ríwèé ìrìnnà gbà wálé, òun ló bá mi jókòó. Afárá kan wà nínú gémù yẹn. A kàn dúró síbẹ̀, à ń wo omi. Kò sọ̀rọ̀, kò sì lọ."

Télọ̀ wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn ni inú ti ń bí i sí ọmọ yìí pé kò wá. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn.

"Òwìwí náà wá ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ó ń wúkọ́ nígbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Látìgbà náà, kò wọlé mọ́. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mi ò mọ ìlú ẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bi? Tẹ́ ẹ bá rí i tí mò ń wo fóònù, iná tó máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ tó bá wọlé ni mò ń wò, bóyá ó máa tàn."

Télọ̀, tó ti ń ṣépè fún fóònù yẹn nínú ọkàn rẹ̀ látìgbà tí Àbúrò ti dé, yíjú sí i. Ó fẹ́ ní "pẹ̀lẹ́", ṣùgbọ́n "pẹ̀lẹ́" kéré. "Ẹ̀rọ gémù tuntun yẹn," ló wá sọ, "ṣé o gbé e bọ̀?"

Ojú ti Àbúrò. "Ó wà nínú báàgì. Ẹ̀yin ni mo rà á fún. Nígbà tí mo rí bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ti àtijọ́, mi ò lè mú un jáde mọ́."

"Lọ gbé e wá."

Ó ti fa gémù náà wálẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó kúrò lọ́hùn-ún, nítorí náà kò pẹ́ tó fi ṣí. Ẹ̀rọ náà pín ojú tẹlifíṣàn sí méjì. Páàdì rẹ̀ wúwo, bọ́tìnnì kún un bí ojú ẹni tó ní irorẹ́. Èèyàn tí Ìyá Páàdì, ọba gbogbo àdúgbò, ń darí rìn tààrà lọ forí sọ ògiri, ó yí padà, ó tún forí sọ igi. Lókè orí èèyàn tí Àbúrò ń darí, Télọ̀ rí àwọn lẹ́tà funfun kéékèèkéé. Ó sún mọ́ ọn kó tó lè kà á: Àbúrò Télọ̀.

"Orúkọ tí ò ń jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó lè pè é. Òwìwí nìkan ló ní kí n kọ́ òun. Kò pè é bó ṣe yẹ lọ́jọ́ kan, àmọ́ kò pe òmíràn."

Wọ́n rin ìrìn àjò dé afárá náà. Télọ̀ ò rí irú rẹ̀ rí: omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, oòrùn ń dán lójú omi, ewéko ń mì. Ó dùn ún pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ ju ti àtijọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn méjì náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀.

"Kí la fẹ́ ṣe báyìí?" ni Télọ̀ béèrè.

"Nǹkan kan ò sí, àǹtí mi. Ẹ kàn dúró."

Wọ́n dúró. Oòrùn inú gémù wọ̀. Níta fèrèsé, ti wọn náà ti ń rẹlẹ̀.

"Tóo bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́hùn-ún," ni Télọ̀ wí, "aago mélòó ló máa ń jẹ́ níbí?"

"Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Kí ló dé?"

"Màá ti ti ìsọ̀. Lórí afárá yìí ni wàá ti bá mi."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yíjú padà?"

"Ọ̀la Sọ́ńdè, wàá kọ́ mi." Ó tẹ bọ́tìnnì kan láti fi hàn án. Èèyàn rẹ̀ fò, ó ré afárá kọjá, ó sì já sínú omi gbàmù.

Àbúrò dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí. Nígbà tó rí ohùn gbé jáde, ó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí mi, ẹ má tẹ èyí yẹn! Èyí òkè ni, èyí òkè!" Ó sì ti fi èèyàn tirẹ̀ bẹ́ sódò tẹ̀lé e.