Àpá Mẹ́jọ Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Bàbá Má-tàn-mí kì í sọ iye tí ọkọ̀ tó láìjẹ́ pé ó wo abẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe panẹ́bítà, àwọn tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ máa ń wá mú un dání lọ kí wọ́n tó sanwó. Yóò fi ìka kan ojú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Má tàn mí," kó tó tẹ́ páálí, kó sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ní gbogbo ogójì ọdún náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dájọ́ fún láìwo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún náà ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ wò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan.

"Bàbá, kò ní gba wàhálà rárá," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wí bó ti ń wakọ̀ lọ. "Owó pọ́ọ́kú ni Tíṣà tó ni ọkọ̀ náà ń pè é báyìí. Ẹ ṣáà tún ohun tí ẹ sọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn sọ, á já a sí ìdajì."

"Ṣé o mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ náà?"

"Mo mọ̀, sà. Ìyàwó mi sọ fún mi."

"Ó dáa. Máa wakọ̀ lọ."

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí ló ṣe é. Oṣù kọkànlá rèé tí ọmọ náà ti kú.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ ta ilé, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Ó mú wọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí ọkọ̀ náà wà, láàárín àga ilé ìwé tó ti kán àti àwọn ìwé tí eku ti jẹ létí. Ó ká tápólì kúrò lórí rẹ̀. Ọkọ̀ pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, wọ́n ti ṣe é kí Bàbá tó gbéyàwó. Aṣọ dúdú ni òrùlé rẹ̀, ó ká sẹ́yìn bí abùradà.

"Ẹ káàbọ̀, adájọ́," ni Tíṣà wí. "Ṣé ẹ wá fi kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni?"

"Iye tó tó ni mo wá wò," ni Bàbá wí.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń yí ọkọ̀ náà po, ó ń yínmú. "Ọkọ̀ tó ń ṣí fìlà fún gbogbo ayé báyìí, ọ̀wọ̀ mélòó la fẹ́ fún un?"

"Ìwọ tí o dé fìlà wá," ni Tíṣà wí, "èló lo mú wá?"

Bàbá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kan ojú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó máa ń sọ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fi áńkáṣífì wé òòfà rẹ̀ kó má baà ha ọ̀dà, ó ń fà á lọ lára ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò, òòfà kì í mú. Ó mú níbi gbogbo.

Ó wá ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Ilẹ̀kùn náà rọ̀ sílẹ̀ tó ìdajì ìka. Nígbà tó fẹ́ tì í, ó ha irin ìsàlẹ̀ gààrà. Bàbá mọ ìró yẹn. Òun ló gbọ́ lọ́jọ́ tó dájọ́.

Ọkọ̀ tí kò lórùlé irin, abẹ́ rẹ̀ ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn bá ti dípẹtà, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní padé dáadáa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ irin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó ọ̀pá mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, bí ẹni fi igi ti ògiri tó fẹ́ wó, kó tó gé èyí tó bàjẹ́ kúrò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á ti tẹ̀ kó tó jó tuntun tán, àtẹ̀gbé sì ni.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Bàbá rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí Bàbá dé, lójú Tíṣà àti gbogbo òṣìṣẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn yìí, ó rọ̀ sílẹ̀.

"O kò fi ọ̀pá tì í," ni Bàbá wí.

"Mo fi tì í, sà. Mo ti gé àwọn ọ̀pá náà kúrò ni. Irin inú híńjì ilẹ̀kùn ló ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká fi jáàkì gbé e, ẹ ó rí i."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Bí ọmọdé bá láṣọ tó tàgbà, kò lè lákìísà tó tàgbà." Ó wá kọjú sí Tíṣà. "Ẹ má fi ọkọ̀ yìí gbé ìyàwó yín. Á ká mọ́ yín lórí títì bí àga tó ń ká." Ó tún yíjú sí ọmọ náà. "O kò lọ́wọ́ iṣẹ́. Lọ wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ọmọ náà bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi í kọ́ ìṣó, ó sì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù ló lọ ń wà. Ọdún márùn-ún ni òun àti bàbá rẹ̀ kò fi bára wọn sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ akẹ́rù náà tó gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ sínú kòtò.

Báyìí, Bàbá lọ gbé jáàkì àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá.

"Bàbá, kí lẹ tún fẹ́ fìyẹn ṣe?" ni ọkọ ọmọ rẹ̀ béèrè. "Ẹ ṣáà ti rí ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn ni mo rí nígbà yẹn náà."

Ó gé páálí kékeré kan, ó tì í bọ àlàfo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi jáàkì gbé igun iwájú títí táyà fi kúrò nílẹ̀. Bí egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ bá rọ, àlàfo náà á fún, páálí á há. Ó fa páálí náà, ó yọ wẹ́rẹ́. Ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tún fà á. Ó tún yọ. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di etí ilẹ̀kùn mú, ó gbé e sókè díẹ̀. Ó ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín arúgbó. Híńjì ni.

Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Kò yára jáde. Nígbà tó jáde, ó ṣí rọ́bà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kúrò, ó ń fi ìka tọ irin abẹ́ rẹ̀ bí afọ́jú. Ó kan àpá kan tí wọ́n ti fi fáìlì irin rà á dán. Ó kan èkejì. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, mẹ́rin náà ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pá mọ́ ọn nìyẹn, kí wọ́n tó gé e. Ọmọ náà ti rà wọ́n dán débi pé ojú kò lè rí wọn, àfi ọwọ́.

Bàbá dìde, ó di orúnkún mú.

"Ó yá, Bàbá," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ sọ ọ́ fún un."

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "ìlọ́po mẹ́rin iye tí ẹ ń pè é ni ọkọ̀ yìí tó. Ẹ má gba ohun tó dín sí bẹ́ẹ̀."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ fà á lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, èmi ni mo gbé yín wá o."

"O gbé mi wá kí n sọ iye tó tó."

"Ta ló máa mọ̀? Ẹni tó ṣe é kò sí láyé mọ́."

Bàbá wò ó títí tó fi wolẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbọ́ bí ọkọ ọmọ náà ṣe ṣí géètì, tó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Tíṣà jókòó sórí àga ilé ìwé kan. "Ẹ ní kò lè ká?"

"Kò lè ká. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

"Lọ́dọọdún ni ìyàwó mi máa ń bẹ̀ mí kí n fi gbé òun dé etí odò, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí òun lórí. Mo ní adájọ́ ti dájọ́." Ó ń nu awò ojú rẹ̀ láìwo Bàbá. "Ojú ìyàwó mi ti lọ báyìí. Láti ọdún tó kọjá."

"Ẹ forí jì mí, Tíṣà."

"Èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀."

Bàbá gba ọ̀rọ̀ náà sára. Ó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó wá irin kékeré tó ń lọ sínú híńjì, tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Ó fi òòlù lu èyí tó jẹ jáde, ó fi tuntun síbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà tó ìdajì wákàtí. Tíṣà wá fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà. Ó padé, kò ha.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀," ni Tíṣà wí. "Ẹni tó bá máa rà á á fẹ́ rí i."

Bàbá kọ iye náà. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Ọmọ mi ló ṣe iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ yìí. Iṣẹ́ náà dára. Èmi ni mo dájọ́ èké.* Ó fọwọ́ sí i.

Tíṣà na ìwé náà jìnnà sójú, ó kà á tán bó ti máa ń ka iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ó dá a padà.

"Ẹ kò kọ déètì."

Bàbá kọ ọjọ́, ó kọ oṣù. Nígbà tó kan ọdún, ó gbé bíró sókè, ó ka ọdún mẹ́fà lórí ìka. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá gbé jáàkì lé èjìká, ó fi irin tó jẹ náà sápò, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, tó tì í, tó tún ṣí i.