Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Sí Ìyá Àgbà Lẹ́nu

Fíìmù tó ti bàjẹ́ máa ń rùn bí ọtí kíkan. Òórùn yẹn ti wọ irun mi, ó ti wọ aṣọ mi, ọkọ mi kì í sún mọ́ mi mọ́ àfi tí mo bá ti wẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ ló ń rí mi lára. Ìtàn inú wọn ni.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé sinimá kan tí wọ́n fẹ́ wó ni wọ́n ti kó agolo fíìmù wọ̀nyẹn wá fún wa níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń fọ fíìmù àtijọ́, tí a sì ń lẹ èyí tó bá já. Fíìmù ìgbà tí sinimá ò tíì ní ohùn ni. Òṣèré á la ẹnu, á pa á dé, pátákó ọ̀rọ̀ á wá jáde kí òǹwòran lè ka ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Mínísítà á rí ọmọge, á kó ìfẹ́ sí i lórí, àṣírí á tú, ìjọba á fẹ́ dojú dé. Ta ni yóò wá forí fá a? Ọmọge náà ni! Á gbé májèlé jẹ tàbí á bẹ́ sódò, mínísítà á sunkún díẹ̀, á sì padà sórí àga rẹ̀. Àgbàyà lásánlàsàn. Ọ̀gá mi á máa wò wọ́n, á máa nu ojú.

"Ìfẹ́ rèé o," ó ní. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ìfẹ́."

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé èyí ni ìfẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn mi."

Inú agolo tó kẹ́yìn ni mo ti rí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Gbogbo wa nílé la mọ̀ pé wọ́n ṣeré sinimá lẹ́ẹ̀kan péré nígbà ọmọge wọn, a sì mọ̀ pé a kì í bi wọ́n. Akọ̀wé mínísítà ni wọ́n ṣe. Mínísítà náà, ọkùnrin eléyín wúrà kan, fà wọ́n mọ́ra lẹ́yìn tábìlì, ìyá àgbà fọwọ́ ti àyà rẹ̀, ẹnu wọn ń yára sọ nǹkan. Pátákó bá jáde: "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí orúkọ tèmi bàjẹ́, kí tìrẹ má baà bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára, àmọ́ inú mi dùn pé mo rí ojú ìyá àgbà nígbà èwe. Mo bá lọ mú wọn wá síbi iṣẹ́ kí àwọn náà wá wò ó.

Wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan. Nígbà tí fíìmù dé ibi ìfàmọ́ra yẹn, wọ́n mú aṣọ ìnujú jáde, wọ́n sì tutọ́ sí i.

"Tún un fi hàn mí," wọ́n ní. "Ṣé o rí ọwọ́ òsì ọkùnrin yẹn?"

Mo rí i. Ó ti lọ sísàlẹ̀ tábìlì.

"Kò sí nínú eré. Ọwọ́ mi ni wọ́n ní kó dì mú. Mo ń sọ fún un pé, 'Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára mi, ẹlẹ́gbin!' Mo pariwo. Àwọn tó ń yà á ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má dúró, pé ojú mi dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, tí fíìmù bá jáde, gbogbo ayé á rí ohun tó ṣe sí mi. Ó jáde. Mo wá ka ohun tí wọ́n ní mo sọ."

Mo mú sísọ́ọ̀sì. "Màmá, mo máa gé e dànù."

"Gbé e sílẹ̀. Tí o bá gé e, á dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi kí n tó kú ni."

"Ẹ má mikàn. Tí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá."

"Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Bóyá ẹsẹ̀ ń dun òtítọ́ tèmi."

Mo ro ẹjọ́ fún ọ̀gá, mo ní ká yí pátákó yẹn padà. Ó ṣàánú wa, ṣùgbọ́n ó ní a kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú fíìmù, pé ibi iṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti di ilé irọ́. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Nígbà tó yá, ó ní a máa fi fíìmù náà han àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn ibi iṣẹ́ wa, ó sì lẹ àwòrán ìfàmọ́ra yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Ìfẹ́ Tó Mi Ìjọba Tìtì."

Ṣùgbọ́n láyé fíìmù wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ òǹwòran ni kò mọ̀wé, nítorí náà ẹnì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, á máa ka pátákó sókè. Ọ̀gá fẹ́ ká ṣe é bíi ti àtijọ́, èmi ló sì ní kí n kà á. Ohùn òǹkàwé kò sí nínú fíìmù, nítorí náà òfin ọ̀gá kò kàn án. Mo bi ìyá àgbà bóyá kí n bá wọn sọ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ẹnu tìrẹ kọ́ ni mo fi pariwo," wọ́n ní.

Lọ́jọ́ tí a fi fíìmù náà hàn, mo kà á títí a fi dé ibẹ̀, mo sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìyá àgbà lórí ìjókòó iwájú. Bí ẹnu wọn ṣe là lára aṣọ funfun ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bá ètè mu wẹ́kú: "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára mi, ẹlẹ́gbin!" Pátákó jáde, kò sẹ́ni tó kà á. Ọ̀gá mi doríkodò.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, àwọn tó kù bá gbà á. Wọ́n rò pé a múra rẹ̀ sílẹ̀ ni! Bí a ṣe ń jáde lọ, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gbá ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó ń fọwọ́ ra á.

"Màmá, ẹ pa wá lẹ́kún o! Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín? Ó mọ eré kọ!"

Ìyá àgbà wò ó títí. Wọ́n fa ọwọ́ wọn yọ, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Mú mi lọ síbi omi," wọ́n ní, "kí n fọ ọwọ́ mi."