Nítorí Káàdì Túnjí

"Tún un wí."

"Bọ̀ọ̀dá Túnjí, ẹ káàbọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Má wo ojú ìyá ẹ, èmi ni kí o wò."

Ìyá àgbà, ìyá tó bí Túnjí, di ọmọ náà mú léjìká, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ ọ́ lára. Ìbùkún, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tún un wí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Bàbá tí ọmọ yìí kò fojú kàn rí láti ọjọ́ tó ti dáyé ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lónìí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pè é ní bàbá. Ìyá àgbà ní bó bá fi lè ṣèèṣì pe "Dádì" pẹ́nrẹ́n, àwọn òyìnbó ò ní fún un ní káàdì mọ́, wọ́n á sì lé e padà wá jẹ̀yà ní Ẹdẹ.

Yẹ́misí, ìyá ọmọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó tu ú sínú eérú.

Káàdì! Káàdì ni wọ́n ń jẹ nínú ilé yìí, káàdì ni wọ́n ń mu. Nígbà tí Ọlátúnjí ń lọ, oyún Ìbùkún wà nínú Yẹ́misí, ìdána nìkan ni wọ́n sì tíì ṣe. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó di ìgbà tó bá padà dé. Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi gbàjọba, tí nǹkan yíwọ́. Ni ọkùnrin yìí bá ránṣẹ́ sílé pé òun ò lè padà wá sínú ìyà. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: òun á fẹ́ obìnrin kan lọ́hùn-ún, orí ìwé lásán ni, ọdún méjì péré. Káàdì ìgbélùú á jáde, òun á kọ obìnrin náà sílẹ̀, òun á sì wá mú ìyàwó òun àti ọmọ òun.

Ọdún méjì pé. Ó ní wọ́n ti yí òfin padà, ó ku méjì sí i. Ìyẹn náà pé. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń fúnni ní káàdì ń pe òun àti obìnrin náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń bi àwọn bóyá ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ìyàwó máa ń sùn sí, pé wọn ò tíì gbà pé tọkọtaya gidi ni àwọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi Yẹ́misí, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í: "Ṣé káàdì yìí ò tíì jáde ni?" Ó ti rẹ ẹnu rẹ̀ láti máa dá wọn lóhùn.

Wàyí o, wọ́n ní ìkẹyìn rẹ̀ ló dé yìí. Àwọn òyìnbó fẹ́ rí fọ́tò ìgbéyàwó ti ilẹ̀ wa. Nítorí náà ni Ọlátúnjí ṣe ń mú obìnrin náà, Grace, bọ̀ wálé, kí wọ́n ṣe bí ẹni ń gbéyàwó fún un, kí onífọ́tò sì yà á. Ọlátúnjí ní bí Grace bá mọ̀ pé òun níyàwó nílé, á lọ fẹjọ́ sùn, nítorí náà Yẹ́misí á ṣe àbúrò òun fún ọjọ́ kan péré. Ó sì gbà. Èyí tó rí i lára jù nìyẹn, pé òun fẹnu ara òun gbà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí takisí tó dé. Àwọn ṣójà ti dá wọn dúró ní Sẹ̀kọ́nà, wọ́n tú ẹrù wọn títí. Ọlátúnjí sọ̀ kalẹ̀. Ó ti sanra, ọrùn rẹ̀ ti ki. Ìbùkún kúnlẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ láì ṣì í, ó wá bojú wẹ̀yìn wo ìyá àgbà bóyá òun ṣe é dáadáa. Ọlátúnjí fọwọ́ pa á lórí.

"Ọmọ dáadáa," ló wí, ó sì fún un ní súìtì kan.

Súìtì! Fún ọmọ tó bí!

"Àbúrò mi nìyí," ni Ọlátúnjí sọ fún Grace lédè òyìnbó. Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́.

Grace dúdú bíi tiwọn, nọ́ọ̀sì ni. Ó dì mọ́ Yẹ́misí bí ẹni rí ẹbí rẹ̀ tó ti sọnù. Yẹ́misí ti múra láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó máa dì í mú sí.

Àwọn obìnrin mú Grace lọ sí ilé òdìkejì lọ wọṣọ. Ọlátúnjí jókòó ti ìrẹsì, ìrẹsì tí wọn ò sè láti Kérésì nítorí Sáàpù tí ìjọba gbé dé, tó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, ó ń fa egungun mu. Yẹ́misí gbé omi wá fún un.

"Ó ku díẹ̀," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, láì wò ó. "Ṣáà mú sùúrù."

"Díẹ̀ tó báwo?"

"Oṣù mélòó kan." Òróró ń dán létè rẹ̀. Ó tún mú ẹran mìíràn.

Nígbà tí wọ́n ń mú Grace bọ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, agboolé ti kún. Ìyàwó kì í sì í wọ agboolé yìí láì jẹ́ pé wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó tó wọlé gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀ ló sì ń fọ̀ ọ́. Nínú gbogbo irọ́ tí wọ́n tò, kò sẹ́ni tó rántí èyí. Onífọ́tò gbé kámẹ́rà sójú. Gbogbo obìnrin ilé yíjú sí Yẹ́misí. Ìyá Adébísí, ìyálé wọn pátápátá, ti gbé abọ́ omi dání.

"Ìwọ lo kàn," ló wí. Kò fi ibi kankan sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìyá àgbà ṣẹ́jú sí i títí, Ìyá Adébísí ò rí i. Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín sí onífọ́tò, ó rọra sún mọ́ Yẹ́misí.

"Bẹ̀rẹ̀, kí o fọ̀ ọ́. Wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀hún."

Yẹ́misí lóṣòó. Ó gbé ẹsẹ̀ obìnrin náà sínú abọ́, ó ń fi ọwọ́ bu omi sí i. Grace gbé ọwọ́ lé e léjìká kó má baà ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"O ṣé gan-an," ló wí lédè òyìnbó. "Láti ìgbà tí káàdì rẹ̀ ti jáde ni mo ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ká wá, ó sì ti lé lọ́dún méjì. Ó ní ká kọ́kọ́ ra ilé tiwa ná."

Yẹ́misí ò gbójú sókè. Ó ń fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. "Àwọn fọ́tò yìí ńkọ́?"

Grace rẹ́rìn-ín. "Pálọ̀ wa ni màá gbé wọn kọ́ sí."

Yẹ́misí dìde.

"Kí ló dé?" Ìyá àgbà ti fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ ba káàdì ọkọ ẹ jẹ́ ni?"

"Màmá, káàdì ti jáde. Ó ti lé lọ́dún méjì. Wọ́n ti ra ilé síbẹ̀."

Òrùlé tó ń jò lé ìyá arúgbó náà lórí, káàdì ni wọ́n ní kó dúró dè. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Túnjí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ná."

Yẹ́misí kọjú sí Grace. Pẹ̀lú èdè òyìnbó tó fi ń kọ́ ọmọ níwèé, ó rọra ṣàlàyé ẹni tó máa ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó nínú agboolé yìí fún un. Grace gbọ́. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Ó wo iwájú orí Ìbùkún, ó wá wo ti Ọlátúnjí, ọ̀kan náà ni. Onífọ́tò sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

Ọlátúnjí ń sọ̀rọ̀, ó ń fi èdè méjèèjì sọ ọ́. Yẹ́misí nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó rò pé ẹkún á dé, kò dé. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó fi ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà lórí káàdì, ló ń wá sí i lọ́kàn. Ó ti lé lọ́dún méjì tí òun ò ti lọ́kọ. Wọn ò kàn ráyè sọ fún òun ni.