Igun Tí Kò Gba Òpó

Ilẹ̀kùn náà tún fò padà. Obìnrin ayàwòrán-ilé náà rọra fi máòsì wọ́ ọ lọ sí igun yàrá, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, àfi fìrì! ó tún ti padà sí àárín ògiri kan ṣoṣo, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó má kúrò lójú kan.

"Ṣé o ò gbọ́ràn ni?" ó bi kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ràn. Ètò ìyàwòrán tó wà nínú rẹ̀ mọ ilẹ̀kùn lóríṣiríṣi: èyí tó ń ṣí sínú, èyí tó ń ṣí síta, oníbejì, èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti fèrèsé kò ṣeé kà tán. Ṣùgbọ́n òfin kan ló de gbogbo wọn: ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ní ògiri kan tó bí i, kò sì gbọdọ̀ kọjá ògiri náà. Bí o bá pa ògiri rẹ́, ilẹ̀kùn á bá a kú. Bí o bá sì fi ilẹ̀kùn méjì síbi tí ògiri méjì ti pàdé, ètò náà á fúnra rẹ̀ hu òpó kan sáàárín wọn, bí ẹni tó ń la àwọn tí kò jà.

Òpó yẹn gan-an ni ọ̀tá. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń yà. Awakọ̀ akẹ́rù ni ẹ̀gbọ́n náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nàjìn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ibi tí táyà ń dé tí kò dé rí. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́, ìdùbúlẹ̀ nìkan ló kù. Kò lè jókòó rárá. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà rẹ̀ gùn, ó sì fẹ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ tó jáde láti yàrá rẹ̀ rí tóóró, ó tún wọ́. Ṣe ni wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì náà palẹ̀ kó tó lè wọlé. Láti ìgbà náà, àjà ni Ọ̀nàjìn ń wò. Láìpẹ́ yìí ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó yí ojú òun sí ògiri, pé ìwọ̀nba ìta tí òun ń rí lójú fèrèsé kékeré yẹn ń dá òun lóró ju àìríran lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí àbúrò rẹ̀ ayàwòrán. Ó pinnu pé igun yàrá náà á ṣí pátá, ògiri méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí bẹ́ẹ̀dì lè yí jáde sí àgbàlá. Wọ́n ti gbé irin gbọọrọ sókè tó gba òrùlé dúró. Bíríkìlà ti ń fọ́ ògiri láti àárọ̀. Wẹ́dà tó máa ṣe ilẹ̀kùn ló kù. Òun náà ń retí àwòrán lónìí, torí ó ń rìnrìn àjò lọ síṣẹ́ mìíràn lọ́la.

Ọ̀gá tó gba àbúrò síṣẹ́ yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ́fíìsì. "Fi òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, jẹ́ ká sinmi. Òpó kan kì í ba ilé jẹ́."

"Kì í ba ilé jẹ́ lóòótọ́, sà. Ẹni tó wà nínú ilé ni mò ń rò."

"Bẹ́ẹ̀dì ò ní lè yí?"

"Kò ní lè yí, sà."

Ọ̀gá họ orí. "Ètò yìí ni mo fi ya gbogbo ilé tí mo kọ́. Kò já mi kulẹ̀ rí." Ó tún wo àwòrán náà. "Àbí mi ò tíì bi í ní ìbéèrè gidi rí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Fóònù dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Eyínfúnjowó! Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ohùn náà kò jọ ti ẹni tó ń sunkún, kò sì jọ ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Irú ìpè báyìí náà ló mú ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ wá, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá. Ó gbé kọ̀ǹpútà sábíyá. Títí ó fi dé ilé, òrùlé tó wó ló ń rí lọ́kàn rẹ̀.

Òrùlé kò wó. Eruku ṣì ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíríkìlà dúró pẹ̀lú òòlù ńlá lọ́wọ́, ó gbàgbé láti gbé e sílẹ̀. Igun ilé ti lọ.

Àbúrò ti ya igun yìí títí ó fi sú u, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, àfo funfun lásán ni. Èyí kì í ṣe àfo. Ojú ọ̀run ló wọlé wá. Koríko wọlé, okùn ìsáṣọ aládùúgbò wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀, títì wọlé, àti òkè kan lọ́nà jíjìn tí kò mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ilẹ̀ kọjá, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó bo Ọ̀nàjìn títí dé ọrùn. Wọ́n ti yí ojú rẹ̀ síta. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú.

"Àbúrò," ó ní, láìwo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbogbo èyí ni ògiri kan bò mọ́lẹ̀?"

Àbúrò jókòó sórí òkìtì bíríkì fífọ́, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ó pa ilẹ̀kùn méjèèjì rẹ́. Ó pa ògiri rẹ́. Ó wá fi ìlà lásán ya irin pẹlẹbẹ méjì tó máa ṣí síta, tí etí wọn máa pàdé ní igun, láìpè wọ́n ní orúkọ kankan. Ètò náà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: yàrá yìí kò ní ilẹ̀kùn síta. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí wẹ́dà fi pè.

"Màdámù, mi ò rí òpó o."

"Kò sí òpó."

Wẹ́dà mí kanlẹ̀. "Háà! Ó ti yé mi. Mò ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n nísinsìnyí."

Ṣùgbọ́n Ọ̀nàjìn kò lè dúró de wẹ́dà. "Ẹ gbá ibí yìí mọ́, ká máa lọ!" Wọ́n gbá a. Bíríkìlà di ibi orí mú, ìyàwó àti àbúrò di ibi ẹsẹ̀, awakọ̀ fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ bí ẹni tó ń fẹ̀yìn wọ gáréèjì: "Ọ̀tún! Ọ̀tún sí i! Ẹ rọra, ẹ má fi bọ́dì mi họ ògiri. Ó tó! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀!" Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yí gba ibi tí òpó ìbá dúró sí gan-an. Kò sí ohun tó kàn án. Táyà kéékèèké náà bọ́ sórí koríko, wọ́n dúró.

Ìkùukùu kan ń lọ lókè, kò kánjú. Nígbà tó yá, Ọ̀nàjìn yí ojú sí ilé.

"Ta ló kun ilé wa láwọ̀ ewé?"

"Èmi ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ó ti pẹ́. Mo sọ fún yín nígbà náà."

"O sọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò mọ̀ pé ó rẹwà báyìí ni."

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́gba lórí ìrọ̀rí, ó wo ibi tí wọ́n ti jáde. Ipa táyà ti tẹ koríko lulẹ̀. Ó ti inú yàrá wá, ó gba abẹ́ irin, ó dé ọ̀dọ̀ wọn láìjá. Ẹnu ọ̀nà. Láti kékeré ló ti ń pe ọ̀rọ̀ yìí, nílé, níléèwé, lẹ́nu iṣẹ́. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ: ọ̀nà ló lẹ́nu, kì í ṣe ilé.