Ẹja Àrọ̀ Tí Wọ́n Ní Kó Ki Ìdílé Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó fi ọwọ́ bo ẹnu ná.

Kí n tó sùn, mo ti gbà fún Lámídì, ẹni tó ń ta pẹpẹsúùpù ní oríta wa, pé kó wá mú Àwẹ̀ró láàárọ̀. Àwẹ̀ró ni ìyá àrọ̀ tí mo gbé wá láti odò, tó bí gbogbo ẹja adágún mi. Lámídì ní ó ti gbó, kí n máa ra ọmọ ẹja tí wọ́n ń bí ní ilé iṣẹ́, tí gbogbo wọn dọ́gba. Èmi náà sì gbà.

Mo bá sùn. Lójú àlá, mo pọn Àwẹ̀ró sẹ́yìn, à ń lọ sí ọ́fíìsì kan tó léfòó lórí omi bí ojúoró. Ọ̀gá ibẹ̀ wọ táì, ó ní irùngbọ̀n.

"Màmá, àjèjì lẹja yìí," ló wí. "Àwọn ìbátan rẹ̀ ti gba odò onílùú lókè òkun, wọ́n ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ. A máa sè é lónìí."

Mo ní, "Ta lẹ máa sè? Àwọn tó wà lókè òkun, ta ló kó wọn débẹ̀? Ṣé àwọn fúnra wọn ló wọ bàálù ni?"

Ni bàálù bá balẹ̀ sórí tábìlì. Àrọ̀ òkè òkun ń sọ̀ kalẹ̀, báàgì lọ́wọ́. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ọ̀kan sín, gbogbo wọn sín. Mo kí wọn káàbọ̀.

Ọ̀gá fa abẹ́rẹ́ yọ. "Ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀."

Ó kán ẹ̀jẹ̀ àwọn àlejò sínú ife. Ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ oríkì: "Ọmọ tọkọtaya inú àgbá tó kọjá òkun..." Ó dákẹ́.

"Ìyókù ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

Gbogbo wọn dáhùn pọ̀: "Ó tán. Ìwọ̀nba tá a gbé dání nìyẹn. Ara wa náà là ń fẹ́. Àrùn tó bá ti mọ ọ̀kan nínú wa, ó ti mọ gbogbo wa."

Ó kan Àwẹ̀ró. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóhùn sókè: "Ọmọ abẹ́ àpáta, ọmọ ẹrẹ̀ tí kì í gbẹ, ọmọ arìn-nílẹ̀ bójò bá rọ̀..." Ó ki ìyá, ó ki ìyá ìyá, oríkì wọn ò jọra rárá. Ọ̀gá sùn, ó jí, ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Ó ti rẹ ọ́fíìsì pàápàá, ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ọ̀gá fẹ́ pariwo pé "Ó tó!" Ohun tó jáde ni "Mèè!" Ìwo yọ lórí rẹ̀. Ó jẹ táì rẹ̀ tán, ó ń wo tèmi bíi pé èmi náà wọ ọ̀kan.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra, kó má há yín lọ́fun."

"Ìyá ẹlẹ́ja! Ẹ kú ojúmọ́ o!"

Mo lajú. Lámídì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ dání, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì.

"Mo wá mú ẹja yẹn, Ìyá."

"Kọ́kọ́ ki oríkì rẹ̀ fún mi ná."

"Kí n ki ẹja? Ìyá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan kan. Àwẹ̀ró ò lọ síbì kankan, ọmọ ẹja ilé iṣẹ́ tójú gbogbo wọn rí bákan náà ò sì wọ adágún mi. Lọ fi ewúrẹ́ se pẹpẹsúùpù lónìí."